Ará Oko: Ìtumọ̀ Èébú Kan àti Ibi tí Ó ti Wá

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ní Ajue, ní agbègbè Òdìgbò

Àwọn baba wa kì í fi ìkíni oníṣẹ́ kan kí oníṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n ti ń kí ọlọ́jà kọ́ ni wọ́n ń kí ọdẹ, àgbẹ̀ pàápàá sì ní tirẹ̀. Nítorí náà, tirẹ̀ ni a óò fi bẹ̀rẹ̀: àroko-bọ́dún-dé o!

Ó lè ya àwọn mìíràn nínú yín lẹ́nu pé ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú èdè àti àṣà Yorùbá wá sí àárín àwọn àgbẹ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa èébú. Ẹ lè rò pé ìtàn àwọn ọba àtijọ́, tàbí ọ̀rọ̀ oríkì, ni ó yẹ kí a gbé wá. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó fà á fún yín.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, àwa mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí pàdé bàbá àgbẹ̀ kan ní ibùdókọ̀ ní Ore. Ó ń ti ìlú ńlá kan bọ̀, níbi tí ó ti lọ wo ọmọbìnrin rẹ̀ ní ilé-ìwé girama. Ó gbé iṣu mẹ́fà àti odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ fún un. Aṣọ iṣẹ́ ni ó wọ̀, nítorí láti ojú oko gan-an ni ó ti bá ọkọ̀ lọ. Bí ó ti dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, akọ̀wé kan tí ó jókòó níbẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì pariwo pé kí ará oko yìí dúró síta, kí ó má fi ẹrẹ̀ ba ilẹ̀ jẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà dúró síta. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ jáde wá, ó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra sọ fún un pé nígbà mìíràn kí ó máa fi nǹkan rán awakọ̀, kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá mọ́.

Bàbá yìí sọ fún wa pé èébú akọ̀wé náà kò dun òun tó bẹ́ẹ̀, nítorí àgbà tí kò bá lè gbé èébú mì kò tíì di àgbà. Ohun tí ó dun òun ni pé ọmọ òun gba èébú náà gbọ́.

A kò rí èsì fọ̀ fún un ní ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí ni èsì wa. Ohun mẹ́ta ni a óò yẹ̀ wò: èkíní, kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí gan-an, èkejì, ṣé àwa Yorùbá nìkan ni a ń fi oko bú ènìyàn, ẹ̀kẹta, kí ni ó yẹ kí a ṣe sí i.

ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò bí a ti ń tú ẹrù. Ohun méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ará ni ẹni tí ó ń gbé ibì kan tàbí tí ó jẹ́ ti ibẹ̀. A ń sọ pé ará ilé, ará ìlú, ará Oǹdó, ará Ìjẹ̀bú. A tilẹ̀ ń pe àwọn tí wọ́n ti lọ ní ará ọ̀run, a sì ń wárí fún wọn. Kò sí àbùkù kankan nínú rẹ̀.

Oko ńkọ́? Oko ni ilẹ̀ tí a ṣán, tí a ro, tí a sì gbin nǹkan sí. Àwọn baba ńlá wa kò ka oko sí ibi ìtìjú, nítorí wọ́n fi í pe òrìṣà. Òrìṣà Oko, tí ojúbọ rẹ̀ tí ó lókìkí wà ní Ìràwọ̀ ní agbègbè Òkè-Ògùn, ni òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀. Òun náà ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ tí ó le lọ bá, pàápàá ẹjọ́ àwọn tí a fẹ̀sùn àjẹ́ kàn, nítorí wọ́n gbà pé kì í ṣe ojúsàájú. Bí ẹ̀sìn wa lónìí bá yàtọ̀ sí ti wọn, a kò lè sẹ́ pé wọ́n bu ọlá fún orúkọ náà. Ẹni tí ó bá sì ń fi oko bú ènìyàn, ohun tí àwọn baba rẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún ni ó sọ di ẹ̀gàn.

Ará kò burú, oko kò burú. Ibo ni èébú wá gbà wọlé?

A ní láti rántí bí ìlú Yorùbá ti rí. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ òyìnbó ayé àtijọ́, abúlé ni àgbẹ̀ ń gbé; oníṣòwò àti oníṣẹ́-ọwọ́ ni ó ń gbé inú ìlú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìlú ni àgbẹ̀ wa ní agbo ilé rẹ̀ sí, inú odi ni ó ń sùn. Bí oko rẹ̀ bá súnmọ́, yóò jáde lọ ní òwúrọ̀, yóò sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Bí oko bá jìnnà, yóò kọ́ ahéré síbẹ̀, yóò lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀, yóò sì padà wá sílé fún ọdún, fún ìgbéyàwó àti fún ìsìnkú. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé ilé ni àbọ̀sinmi oko. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabógùnjẹ́ ṣàlàyé púpọ̀ lórí irú ìlú báwọ̀nyí nínú ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní 1968 nípa àwọn ìlú ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 1952, àwọn tí a kà ní Ìbàdàn lé ní 450,000, ọ̀kẹ́ àìmọye nínú wọn sì jẹ́ àgbẹ̀. Ìlú ńlá ni, ṣùgbọ́n ìlú àwọn àgbẹ̀ ni.

Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀, ará ìlú àti ará oko kì í ṣe ènìyàn méjì. Ẹnì kan náà ni. Ọjọ́ ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ará oko ní ọjọ́ Ajé lè jẹ́ ìjòyè ní ààfin ní ọjọ́ ọdún. Bí ẹnìkan bá pe ẹnìkejì rẹ̀ ní ará oko nígbà náà, ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe pé ẹni yìí ti pẹ́ ní ahéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ orin tí ìlú ń kọ, tí ìròyìn ìlú sì ti di ògbó kí ó tó dé etí rẹ̀. Ẹni tí a ṣe ẹ̀fẹ̀ sí yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé ní oṣù tí ń bọ̀, òun náà yóò rí ẹni tí òun yóò fi ṣe é.

Ní èrò tiwa, ètò tuntun tí ó dé pẹ̀lú ìjọba òyìnbó ni ó sọ ẹ̀fẹ̀ yìí di ọgbẹ́. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ilé-ìwé gíga, ilé-ẹjọ́, ọ́fíìsì, ilé ìfowópamọ́, iná mànàmáná, inú ìlú ni gbogbo wọn fìdí kalẹ̀ sí. Ẹni tí ó mọ̀wé di ọ̀làjú. Owó oṣù sì ń bọ́ sí i lọ́wọ́ bí òjò rọ̀, bí òjò kò rọ̀. Àgbẹ̀ tí ó wà ní oko kò sì rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí àyàfi bí ó bá dìde lọ bá wọn. Láti ìgbà náà ni ará oko ti kúrò ní ọ̀rọ̀ tí ń sọ ibi tí ènìyàn wà, tí ó sì di ọ̀rọ̀ tí ń sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Ipò àwọn tí ń sọ ọ́ ni ó yí padà.

ṢÉ ÀWA NÌKAN NI?

Ẹnìkan lè wí pé àìlajú tiwa ni ó fà á, àti pé àwọn òyìnbó, tí wọ́n ti pẹ́ nínú ọ̀làjú, kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wọn wò.

Àwọn ará Róòmù àtijọ́, tí ń sọ èdè Látìnì, ń pe ilé oko ọlọ́rọ̀ ní villa. Nígbà tí ó yá, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń jẹ́ villanus. Ará oko náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí di vilain lẹ́nu àwọn Faransé. Àgbẹ̀ lásán ni ó kọ́kọ́ túmọ̀ sí. Lónìí, ohun tí ó burẹ́wà tàbí ọmọ tí kò gbọ́ràn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ítálì ń sọ villano, aláìmọ̀wàáhù ni wọ́n sì ń bá wí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó pín sí méjì. Villein ni àgbẹ̀ tí a so mọ́ ilẹ̀ olúwa rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Villain sì ni ọ̀daràn, ìkà ènìyàn tí ń ba gbogbo nǹkan jẹ́ nínú ìtàn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan ti rìn: láti ará oko sí aláìníláárí, láti aláìníláárí sí aláìmọ̀wàáhù, láti aláìmọ̀wàáhù sí ìkà. Ní gbogbo àkókò náà, àgbẹ̀ kò kúrò ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́ di ọ̀daràn.

Kò tán síbẹ̀. Àgbẹ̀ ni àwọn ará Nẹ́dálándì ń pè ní boer, orúkọ tí àwọn òyìnbó àgbẹ̀ Gúúsù Áfíríkà náà ń jẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n kọ ọ́ ní boor, wọ́n sì fi ń pe ẹni tí kò ní ìwà ọmọlúàbí. Àwọn ará Jámánì ń pe òpè tí ó ń ta gìrọ́gìrọ́ ní Tölpel. Bí a bá tọpa rẹ̀, inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ará abúlé ni ó ti jáde. Àwọn Faransé tún ní manant, èyí tí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí láti dúró tàbí láti gbé ibì kan. Olùgbé ni ó kọ́kọ́ jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ará tiwa gan-an. Lẹ́yìn náà ó di orúkọ àgbẹ̀, ó sì parí sí èébú. Savage, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi pe àwa ènìyàn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú silva ni ó ti wá, igbó sì ni silva ní èdè Látìnì. Ará igbó ni wọ́n ń pè wá.

Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ yin ènìyàn, ibo ni wọ́n ń lọ? Ìlú. Urbane, ẹni tí ìwà rẹ̀ dán, láti inú urbs ni, ìlú ńlá. Civil, ẹni tí ó mọ̀wàáhù, láti inú civis ni, ọmọ ìlú. Ẹ̀yin náà rí i pé àwọn tí wọ́n ń gbé inú ìlú ni wọ́n kọ ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àgbẹ̀ ni ó kọ ọ́, bóyá ọ̀tọ̀ ni ohun tí a ó máa kà.

Ẹ̀sìn pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Pagus ni wọ́n ń pe àgbègbè oko ní Róòmù, paganus sì ni ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni pagan ti wá, tí ó túmọ̀ sí abọ̀rìṣà. Àwọn onímọ̀ kan wí pé ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn ará ìlú ni ó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kristi, tí àwọn ará oko sì dúró ti òrìṣà wọn. Àwọn mìíràn wí pé àwọn ọmọ ogun Róòmù ti ń fi paganus pe ẹni tí kì í ṣe ológun, àti pé ibẹ̀ ni àwọn Kristẹni ti mú un. Ọ̀nà yòówù tí a bá gbà, ìdí oko ni a óò bá a. Ní èdè Jámánì, Heide ni pápá gbalasa tí ẹnikẹ́ni kò ro, Heide náà sì ni abọ̀rìṣà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó so méjèèjì pọ̀, tí wọ́n sì so heathen ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ó yani lẹ́nu jù. Ní Rọ́ṣíà, àgbẹ̀ ń jẹ́ krestyanin, ọ̀rọ̀ náà sì wá láti inú Kristẹni! Ní Róòmù, orúkọ ará oko di orúkọ ẹni tí kì í ṣe Kristẹni. Ní Rọ́ṣíà, orúkọ Kristẹni di orúkọ ará oko. Iṣẹ́ kan náà ni àgbẹ̀ méjèèjì ń ṣe. Ó hàn gbangba nígbà náà pé èébú kì í sọ irú ẹni tí a ń bú. Ibi tí ẹni tí ń búni dúró sí ni ó ń sọ.

KÈFÈRÍ

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. A ní ọ̀rọ̀ kan tí Mùsùlùmí wa ń lò, tí Bíbélì Yorùbá náà sì gbà wọlé: kèfèrí. Èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, láti inú kāfir. Gbòǹgbò rẹ̀ túmọ̀ sí láti bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ ni aláìgbàgbọ́. Ta ni ẹlòmíràn tí ń bo nǹkan mọ́lẹ̀? Àgbẹ̀ ni, tí ń fi erùpẹ̀ bo irúgbìn. Nínú Súrà Hadíìd, súrà kẹtàdínlọ́gọ́ta Àlùkùránì, ẹsẹ̀ 20, níbi tí a ti fi ayé wé ewéko tí òjò mú hù, ọ̀pọ̀ onítumọ̀ gbà pé àwọn àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kan náà ń tọ́ka sí. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ìdùnnú àgbẹ̀ sí irè oko ni a ń sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí tún rìn jìnnà. Ó dé Gúúsù Áfíríkà, àwọn òyìnbó ibẹ̀ sì fi í bú àwọn ènìyàn dúdú fún ìgbà pípẹ́, títí tí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn èébú tí ó korò jù ní ilẹ̀ náà. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ kan níbẹ̀ rán obìnrin kan lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ náà bú àwọn ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n wá ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ní èébú kì í pa ènìyàn, kí ó bi àwọn ará Gúúsù Áfíríkà léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kan lè ṣe.

ÀKÀSỌ̀ Ẹ̀GÀN

Ẹ̀yin ará, èébú yìí dàbí àkàsọ̀. Ní ayé ìjọba òyìnbó, ará Lọ́ńdọ̀nù ka ará Èkó sí ará igbó, bí ó tilẹ̀ wọ kóòtù. Ará Èkó yíjú sẹ́yìn, ó ń pe ará Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ní ará òkè, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà yìn wọ́n nígbà gbogbo. Ará Ìbàdàn dé Ore, ó ń pe ibẹ̀ ní oko. Ará Ore gbọ́ pé ènìyàn ti Ajue wá, òun náà rí ẹni tí yóò pè ní ará oko. Olúkúlùkù ń wo ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹni tí ó wà lókè ń wo òun bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Ǹjẹ́ ó parí sí Ajue bí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí àlejò tí kò bá lè sọ òtítọ́ fún onílé kò yẹ ní ẹni tí a ń gbà lálejò. Àwọn alágbàṣe wà ní oko kòkó wa, àwọn tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe gbogbo wọn ní Àgàtú, ìbá à jẹ́ ará ibikíbi. Orúkọ ẹ̀yà kan tí ó ní iyì ni Àgàtú, ní ilẹ̀ Bẹ́núé. Àwa ni a sọ ọ́ di orúkọ ẹni tí ń gba ṣẹ́ṣẹ́ owó ṣán oko fún wa, tí a sì ń fi í bú ọmọ tiwa tí aṣọ rẹ̀ bá dọ̀tí. Ohun tí akọ̀wé yẹn ṣe sí bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun náà ni a ń ṣe sí wọn. Kò sí bí a ti lè sọ pé kí ará ìlú sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàsọ̀ bí àwa fúnra wa bá dúró lórí rẹ̀.

GBÈSÈ TÍ ÌLÚ JẸ OKO

Bí a bá ní kí a ṣírò rẹ̀, ta ni ó jẹ ta ni ní gbèsè? Láti 1947 ni ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Iye tí ìgbìmọ̀ ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á ní òkè òkun, wọ́n sì ń fi èyí tí ó ṣẹ́kù pamọ́. Owó kòkó yìí wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbára lé nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní January 1955. Ilé gíga tí wọ́n kọ́ parí ní Ìbàdàn ní 1965, kòkó ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí wọ́n mọ ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Títí di òní, Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí ni ó ń ṣíwájú nínú kòkó ní Nàìjíríà. Ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé tí ó lé bàbá síta ní baba tí owó kòkó rán lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Àwọn àgbẹ̀ kò sì dákẹ́ ní ibi gbogbo. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọlọ́lá a máa fi orúkọ ẹ̀sín kan pe àgbẹ̀, Jacques Bonhomme. Ní 1358, ogun àti ìnilára sú àwọn àgbẹ̀, wọ́n dìde sí àwọn ọlọ́lá. Orúkọ ẹ̀sín náà sì di orúkọ ọ̀tẹ̀ wọn, Jacquerie, títí di òní. A fi ẹ̀jẹ̀ pa á kú. Ní 1381, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìde nítorí owó-orí, Wat Tyler sì wà níwájú wọn. Wọ́n béèrè pé kí a fi òpin sí síso àgbẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ọba Richard Kejì ṣèlérí fún wọn; nígbà tí wọ́n pa Wat Tyler tán, ó kó ìlérí rẹ̀ jẹ.

Tiwa dé ní 1968 àti 1969. Owó-orí pọ̀, owó kòkó kéré, ọ̀nà oko bàjẹ́, àwọn agbowó-orí sì ń fìyà jẹ ènìyàn. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn dìde, Tàfá Adéoyè ti Àkànràn sì wà nínú àwọn aṣíwájú wọn. Wọ́n ní 30 ṣílè, òkè mẹ́fà, ni àwọn yóò san. Ẹ̀mí ṣòfò ní ìhà méjèèjì, a kò sì yin ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba dín owó-orí náà kù. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni orúkọ tí wọ́n jẹ́. Wọn kò dúró kí ìlú sọ wọ́n lórúkọ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n sọ ara wọn ní Àgbẹ̀kọ̀yà: àgbẹ̀ kọ ìyà. Ẹni tí ó bá sọ ara rẹ̀ lórúkọ, orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn bá fún un yóò ṣòro láti lẹ̀ mọ́ ọn.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Àwọn kan yóò wí pé ìwàkiwà ni àwọn ń bá wí, kì í ṣe oko. Pé bí ènìyàn bá ń pariwo ní ibi tí a ti ń dákẹ́, tàbí tí ó ń ti ẹlòmíràn lórí ìlà, kí ni kí àwọn pè é? Èsì wa ni pé kí wọ́n pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ rẹ̀. Èdè wa kì í ṣe òtòṣì. Bí ẹnìkan kò bá mọ̀wàáhù, aláìmọ̀wàáhù ni. Bí kò bá ní ẹ̀kọ́, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà ní oko, wọ́n sì wà ní ìlú. Akọ̀wé tí ń lé àgbà síta níwájú ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ará oko, ṣùgbọ́n a kò ní pẹ́ rí orúkọ tí ó bá a mu.

Ohun mẹ́ta ni a fi ń bẹ gbogbo ọmọ Yorùbá. Èkíní, kí àwa tí a ń gbé ìlú, àti àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí pàápàá, yọ èébú yìí kúrò ní ẹnu wa. A jẹ́wọ́ pé àwa náà ti sọ ọ́ rí, bí ẹni ń ṣeré. Èkejì, kí àwọn olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kan fi abúlé ọmọ mìíràn, tàbí ẹ̀ka èdè rẹ̀, ṣe ẹ̀sín nínú kíláàsì. Ọmọ tí a bá kọ́ láti tijú èdè ìyá rẹ̀ yóò tijú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin àgbẹ̀ má ṣe sọ fún ọmọ yín mọ́ pé bí kò bá kàwé, oko ni yóò parí sí. Ẹ rò pé ìkìlọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ ọ pé ìjìyà ni oko. Ẹ sọ fún un pé kí ó kàwé, kí oko lè dára sí i.

Àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ jókòó sórí ẹní, ọ̀rọ̀ yín ni ó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan ẹ óò dé ìlú ńlá, ẹnìkan yóò sì pè yín ní ará oko. Ẹ má ṣe jà, ẹ má sì ṣe sunkún. Ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ará oko ni wá, Ajue ni oko wa, kòkó àti iṣu sì ni ohun tí a ń gbìn níbẹ̀. Bí ẹni náà bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá yín bá sì wá kí yín ní ilé-ìwé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ sáré jáde lọ pàdé rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì mú un wọlé.

Àroko-bọ́dún-dé o.